Jíìpù Tí Bàbá Mi Jí Dìde Nítorí Yèyé

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí orí mi kò tíì ga ju etí odó ìyá mi lọ, bàbá mi ra ọkọ̀ kan tí kò lè rìn. N kò mọ̀ bóyá ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi rí irú rẹ̀ rí ní àdúgbò tiyín: kí wọ́n fi lọ́rì wọ́ ọkọ̀ wálé, kí àwọn géńdé máa tì í lẹ́yìn, kí àwọn ọmọdé máa sáré tẹ̀lé e bí ẹni ń sin ìyàwó. Jíìpù ológun ni. Ogun abẹ́lé ti parí nígbà náà, àwọn ológun sì ń ta àwọn ọkọ̀ wọn tó ti gbó ní Àkúrẹ́. Koríko ti hù níbi tí awakọ̀ ń gbé ẹsẹ̀ lé, eku ti bímọ sínú àga, táyà rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì ti tẹ́ pẹrẹsẹ bí àkàrà tí wọ́n dà sínú epo tútù.

Tíṣà ni bàbá mi ní Ìkẹ́rẹ́. Àmọ́ ọwọ́ rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ mọ́ bí ọwọ́ tíṣà, torí òun náà ló ń tún ẹ̀rọ iná ṣọ́ọ̀ṣì wa ṣe nígbàkúùgbà tó bá dákú láàárín ìsìn. Ó fẹ́ràn kó máa tú nǹkan. Nígbà tí jíìpù yìí dé, àdúgbò pé lé e lórí. Bàbá Káfíńtà tó ń gbé òdìkejì wa yí ọkọ̀ náà ká, ó mi orí, ó ní, “Tíṣà, ọjọ́ wo la máa sin ín?” Bàbá mi ní, “Ẹ má tíì gé pákó.” Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Ìyá mi nìkan ni kò rẹ́rìn-ín, ó sì nídìí.

Ẹ jẹ́ n sọ ìdí rẹ̀ fún yín. Bàbá mi ní ìyá kan, Yèyé ni gbogbo wa ń pè é. Abà wa lọ́nà Ìsẹ̀ ni Yèyé ń gbé, láàárín kòkó àti iṣu, níbi tí ọ̀nà rẹ̀ jẹ́ àpáta àti odò, tí takisí kan kò dé rí. Orúnkún ti ń dà á láàmú. Bí bàbá mi bá ti rìn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé, tó bẹ̀ ẹ́ pé kó máa bọ̀ nílé, Yèyé á fọwọ́ nu orúnkún náà, á ní ẹsẹ̀ òun kò lè gbé òun dé ulé. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń pe ilé lẹ́nu ìbílẹ̀ wa. Wọ́n ní kí wọ́n pọ̀n ọ́n, ó ní òun kò pọn ọmọ títí kí ọmọ wá pọn òun. Wọ́n ní kí wọ́n fi àga gbé e, ó ní òkú là ń gbé, òun kò tíì kú. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà mọ ohun tó wà nínú kí àgbà kú sóko. Àwọn àgbà wa a máa sọ pé ulé ni ènìyàn ń sùn sí. Ẹ̀rù yìí ló ń ba bàbá mi lójoojúmọ́, pé Yèyé yóò kú sí abà lọ́jọ́ kan, a ó sì wá fi igi gbé e kọjá láàárín ọjà.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe orúnkún nìkan. Bàbá mi ní àbúrò kan tó ń jẹ́ Òjó, àbígbẹ̀yìn Yèyé. Ìgbà tí ogun bẹ̀rẹ̀, Òjó lọ forúkọ sílẹ̀ fún iṣẹ́ ológun. Kó tó lọ sójú ogun, òun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi jíìpù ya abà wá kí ìyá rẹ̀. Òun ni ọkọ̀ àkọ́kọ́ tó dé abà náà láti ìgbà tí wọ́n ti dá a. Ó jẹ iyán lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀, ó gun ọkọ̀, ó lọ. Yèyé a máa sọ pé ibi tí Òjó ti dágbére fún òun náà ni yóò ti bá òun. Torí náà kò ní í kúrò ní abà kí Òjó má baà dé kó bá ilẹ̀kùn ní títì.

Òjó kò sì ní í dé mọ́. Ọmọ Ẹmùré kan tí wọ́n jọ wà lójú ogun ti wá fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún bàbá mi. Gbogbo Ìkẹ́rẹ́ ló mọ̀. Yèyé nìkan ni kò gbọ́. Ní ilẹ̀ wa, a kì í ṣàdéédé túfọ̀ ọmọ fún ìyá tó bí i, pàápàá ní oko, níbi tí kò ti sí mọ̀lẹ́bí tí yóò dì í mú. Àwọn àgbà ìdílé jókòó, wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má sọ ọ́ títí Yèyé yóò fi dé ulé, láàárín àwọn ènìyàn rẹ̀. Ẹ wá wò ó báyìí: Yèyé kò ní í wálé àfi bí Òjó bá dé, àwa náà kò sì ní í sọ fún un pé Òjó kò dé mọ́ àfi bó bá wálé. Bí ọ̀ràn náà ṣe takókó sí láti ọdún dé ọdún nìyẹn. Ibi ọ̀rọ̀ orúnkún nìkan ni bàbá mi rí tí ó lè tú. Ó rò pé bí òun bá ti lè gbé ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà Yèyé, kò ní í sí àwáwí mọ́.

Ìdí rèé tí ìyá mi kò fi rẹ́rìn-ín. Ní alẹ́ ọjọ́ tí ọkọ̀ náà dé, bó ṣe ń bu ọbẹ̀ fún bàbá mi, ó bi í pé, “Irú ọkọ̀ tó gbé Òjó lọ náà lẹ fẹ́ fi gbé Yèyé bọ̀?”

Bàbá mi dáhùn pé òun náà ti rò ó, ṣùgbọ́n kò sí ọkọ̀ mìíràn tó lè gun àpáta yẹn. Ó ní òun yóò kùn ún. Ìyá mi ní ó dáa, kó sì rántí pé ibi tó gbé e sí yẹn ni òun ń sá èlùbọ́ sí.

Báyìí ni àtúnṣe bẹ̀rẹ̀. Kò sí ohun tí a kò fi ojú rí nílé wa lọ́dún náà. Bàbá mi a dé láti ilé ẹ̀kọ́, a bọ́ aṣọ tíṣà, a wọ ṣòkòtò kan tó ti le gbagidi nítorí gírísì, tó jẹ́ pé bí ó bá bọ́ ọ sílẹ̀, fúnra rẹ̀ ni ṣòkòtò náà ń dúró. Èmi àti Fúnmi àbúrò mi ni a ń ha ìpẹtà kúrò lára irin. Sáńpépà wọ́n, torí náà ewé eépín ni a ń já lẹ́yìn ilé, irú èyí tí a fi ń fọ igbá àti ìdí ìkòkò. A ó wọ́n omi sí i, a ó máa fi ha, ha, ha, títí ìka wa yóò fi pupa, títí irin náà yóò fi máa tàn. Mo ṣì ń gbọ́ òórùn rẹ̀ títí di òní, ewé tútù àti ìpẹtà àti kírọsíìnì. Bí a bá ha débi tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, bàbá mi a sun iṣu fún wa lórí ẹyín iná tó fi ń yọ́ irin, a fi epo pupa àti iyọ̀ sí i. Iṣu náà a máa ta sánsán bí irin díẹ̀. Ó dùn ju ti ìyá mi lọ, àmọ́ ta ni yóò sọ bẹ́ẹ̀ sétí ìyá mi?

Ìjà gidi tó ṣẹlẹ̀ láàárín bàbá àti ìyá mi, orí ìkòkò ni. Bàbá mi wá nǹkan tí yóò kó àwọn nọ́ọ̀tì ọkọ̀ tó ti lẹ̀ sí, kí kírọsíìnì lè jẹ wọ́n. Ìkòkò tó sún mọ́ ọn ló gbé. Ìyá mi dé láti ọjà, ó ṣí ìkòkò ọbẹ̀ rẹ̀, ó bá nọ́ọ̀tì níbi tó yẹ kí ẹran wà. Kò pariwo. Nígbà tó di àkókò oúnjẹ, ó gbé iyán síwájú ọkọ rẹ̀, ó gbé ìkòkò nọ́ọ̀tì tì í, ó kúnlẹ̀, ó ní oúnjẹ ti délẹ̀. Bàbá mi wo ìkòkò, ó wo ìyàwó, ó dìde, ó sì lọ ra ìkòkò tuntun lọ́jọ́ kejì.

Àwa ọmọdé ní tiwa, inú jíìpù náà la ti ń ṣeré. Bojúbojú ti di ti àná, ọkọ̀ wíwà la mọ̀. A máa ń lọ sí Èkó, a máa ń lọ sí Kánò, gbogbo rẹ̀ lórí àga tí kò ní tìmùtìmù. Ní ọjọ́ kan tí a ń lọ sí Ìbàdàn, Fúnmi tú búrẹ́kì ọwọ́, ọkọ̀ sì bẹ̀rẹ̀ sí í yí lóòótọ́, ó rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ sínú ọgbà ewúrẹ́. Kò sí ẹni tó fara pa àyàfi ọgbà. Bàbá mi ní kí àwa arìnrìn-àjò kúnlẹ̀, ká gbé ọwọ́ sókè, ká sì ka orúkọ gbogbo ìlú tó wà lójú ọ̀nà Ìkẹ́rẹ́ sí Ìbàdàn. A kò mọ̀ wọ́n tán. Bí ẹ bá bi mí lónìí, mo lè kà wọ́n lójú oorun.

Ọjọ́ tí ẹ́ńjìnnì náà jí, Bàbá Káfíńtà wà níbẹ̀. Bàbá mi ki irin kan bọ iwájú ọkọ̀, ó yí i, ó yí i, ẹ́ńjìnnì wúkọ́, ó dákẹ́. Ó tún yí i. Lójijì ó dún gbàà, èéfín dúdú tú jáde, àwọn adìyẹ gun igi. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn gùdùgùdù, bí àgbà tó ń hanrun. Bàbá Káfíńtà bọ́ fìlà, ó ní òkú ti jí, òun dá pákó padà. Bàbá mi rẹ́rìn-ín, mo sì rí omi lójú rẹ̀, àmọ́ ó ní èéfín ni.

Ó kùn ún bó ṣe ṣèlérí. Ọ̀dà búlúù tó ṣẹ́ kù nígbà tí wọ́n kun ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì ló lò. Nígbà tó gbẹ tán, kò sí ẹni tó lè sọ pé ọkọ̀ ológun ni. Ìyá mi pàápàá ní ó ti dáa.

Ọjọ́ Sátidé kan nínú ọlidé la gbéra. Ìyá mi dúró láti gún iyán de Yèyé, èmi ni mo bá bàbá mi lọ. A gun àpáta, a sọ̀, èékánná mi wọ inú irin. Odò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ abà kún ju bí a ṣe rò lọ, omi dé bọ́nẹ́ẹ̀tì, ọkọ̀ sì la á kọjá, ó ń sín bí ẹni tí ata gbà lọ́fun. A wọ abà, a kò bá ẹnì kan. Iná ń jó lábẹ́ ìkòkò, adìyẹ ń jẹ̀ kiri, ènìyàn kò sí. Ẹ ti mọ ohun tó ṣẹlẹ̀: wọ́n gbọ́ ìró ọkọ̀, wọ́n rò pé agbowó-orí ni, gbogbo abà ti wọ igbó. Mo rí orí ọkùnrin kan tó yọ láti ẹ̀yìn igi kòkó, tó tún padà sẹ́yìn igi.

Yèyé nìkan ni kò sá. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ṣí. Ó jáde, kò mú ọ̀pá rẹ̀, orúnkún tí kò lè gbé e dé ulé yẹn ló fi ń sáré bọ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń sọ pé, “Òjó, ṣé ùwọ rèé? Òjó ọmọ mi.”

Àwọ̀ la pààrọ̀, a kò pààrọ̀ ohùn. Ohùn ọkọ̀ tó gbé Òjó lọ ni Yèyé ti ń tẹ́tí sí láti ọjọ́ yìí wá, ohùn náà ló sì gbọ́.

Bàbá mi pa ẹ́ńjìnnì, ó sọ̀ kalẹ̀. Yèyé rí i. Ọwọ́ rẹ̀ rọra wálẹ̀. Ó ní, “Àṣé ùwọ ni,” ó kí i dáadáa, ó bi í léèrè ìyàwó, ó pè mí ní oríkì mi, ó sì yí padà wọlé. Orúnkún náà ti tún ń dùn ún. Nígbà tí bàbá mi sọ pé ọkọ̀ ti dé, kó di ẹrù rẹ̀, ó ní òun kò lọ.

Ọkọ̀ náà sì gbè é lẹ́yìn. Omi ti wọ inú rẹ̀, bàbá mi yí i títí ọwọ́ rẹ̀ fi bó, kò dá a lóhùn. Àwọn ará abà ti ń yọ jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń bú ara wọn pé ta ló kọ́kọ́ sá. Wọ́n bá a tì í dé iwájú ilé Yèyé. Bàbá mi fẹsẹ̀ rìn padà sí Ìkẹ́rẹ́, ó fi mí sílẹ̀ kí n máa bá Yèyé ponmi. Ní gbogbo ọjọ́ Sátidé, bàbá mi a wá, a tú nǹkan, a di nǹkan, a tún lọ.

Ọkọ̀ náà wá dúró síbẹ̀, kò sí bí Yèyé ṣe máa jáde tí kò ní í rí i. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó ń gba ẹ̀yìn kọjá. Lẹ́yìn náà ó ṣàkíyèsí pé oòrùn ń mú bọ́nẹ́ẹ̀tì náà gbóná dáadáa, ó sì ní kí n sá ata síbẹ̀. Ata gbẹ níbẹ̀ ju orí àpáta lọ. Ó sá ẹ̀gúsí tẹ̀ lé e. Adìyẹ rẹ̀ kan tó jẹ́ alágídí lọ yé ẹyin sí abẹ́ àga, ó sàba lé e, bí bàbá mi bá sì fẹ́ fọwọ́ kan gíà, adìyẹ náà á fi ẹnu ṣá a lọ́wọ́. Yèyé rẹ́rìn-ín sí ìyẹn. Bàbá mi ní òun ti rí ọ̀pọ̀ ọ̀gá nílé ẹ̀kọ́, kò sí èyí tó le tó adìyẹ yìí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí à ń fọ́ ẹ̀gúsí, Yèyé bi mí pé níbo ni awakọ̀ ń jókòó sí. Mo fi hàn án. Ó ní àwọn tó kù ńkọ́? Mo fi pákó tó wà lẹ́yìn hàn án. Ó dìde, ó di irin mú, mo tì í lẹ́yìn, ó gun ọkọ̀, ó jókòó sórí pákó náà. Ó fi ọwọ́ pa á. Ó wo ọ̀nà tó wọ igbó lọ láti ibẹ̀, ó wò ó pẹ́. Ó ní, “Ulé mi ni Òjó yóò máa wò bó ṣe ń lọ.” Mo wo ibi tó kọjú sí, lóòótọ́, bí ènìyàn bá jókòó síbẹ̀ tí ọkọ̀ ń lọ, ilé Yèyé ni ojú rẹ̀ yóò máa rí títí igbó yóò fi bò ó.

Ibẹ̀ ni bàbá mi bá wa nígbà tó tún dé. Ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀ pẹ̀lú sípánà lọ́wọ́. Yèyé kò sọ̀ kalẹ̀. Ó bi í pé, “Bí mo bá bá ọ lọ, tí Òjó bá dé ńkọ́?”

Gbogbo ìgbà tó ti ń bi í ní ìbéèrè yìí, èsì kan náà ni bàbá mi máa ń fún un: pé àwọn ará abà yóò sọ fún Òjó, pé yóò bá wa nílé. Mo mọ èsì náà sórí. Lọ́jọ́ yìí, kò sọ ọ́. Ó gbé sípánà sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku, bàbá mi tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ ń bẹ̀rù, ó sì di ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀ mú.

Ó ní, “Yèyé, Òjó kò ní í dé mọ́.”

Kò sí àgbà ìdílé níbẹ̀. Kò sí mọ̀lẹ́bí tí yóò di Yèyé mú, àfi bàbá mi àti èmi. Ohun tí wọ́n ní kò gbọdọ̀ ṣe gan-an ló ṣe. Mo rò pé Yèyé yóò ṣubú. Kò ṣubú. Ó gbé ọwọ́ lé orí bàbá mi, ó ní, “Ó ti pẹ́ tí ọkàn mi ti mọ̀. Ẹ̀yin ni mò ń dúró dè.”

Lẹ́yìn ìyẹn ló tó sunkún. Ó sun ún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún láyè. Àwọn obìnrin abà gbọ́, wọ́n wá jókòó tì í, ẹnì kan kò sọ pé kó dákẹ́. Bí ó ti ń sunkún ló ń ki Òjó, ó kì í láti orí baba ńlá rẹ̀ dé orí rẹ̀, mo sì mọ̀ pé ọdún púpọ̀ ni oríkì náà ti wà lọ́fun rẹ̀, tí kò rí ẹni tí yóò kì í lójú rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì jí ní ọjọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e. Bàbá mi ti tẹ́ aṣọ sí àga iwájú fún ìyá rẹ̀, Yèyé ní òun kò jókòó níwájú. Ẹ̀yìn ló jókòó sí, lórí pákó, èmi ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, adìyẹ àti àwọn ọmọ rẹ̀ nínú agbọ̀n. Ó kọjú sí ilé rẹ̀ títí igbó fi bò ó. Ojoojúmọ́ ni mò ń rántí ọwọ́ rẹ̀ tó di ọwọ́ mi mú lórí àpáta yẹn, ó le bí èèpo igi. Nígbà tí a wọ Ìkẹ́rẹ́, àwọn ènìyàn jáde, ìyá mi gbé omi tútù pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Àwọn àgbà ìdílé wá láti túfọ̀ fún un gẹ́gẹ́ bí ìlànà. Yèyé jókòó, ó gbọ́ wọn títí dé òpin, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Bàbá mi kò gbé ojú sókè.

Ó gbé ọ̀dọ̀ wa, ó sì pẹ́. Ulé ló sùn sí, lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, pẹ̀lú ariwo ọmọ nínú yàrá. Jíìpù náà gbé iṣu, ó gbé kòkó, ó gbé ọ̀pọ̀ aboyún lọ sí ilé ìwòsàn, títí ọjọ́ tí kò sí nọ́ọ̀tì tó bá a mu mọ́ lọ́jà.

Lónìí, wọ́n ti da ọ̀dà sí ọ̀pọ̀ ọ̀nà oko wa. Odò tó fẹ́ gbé wa lọ, afárá kékeré ló wà lórí rẹ̀, ọlọ́kadà kì í tilẹ̀ dẹ ẹsẹ̀ níbẹ̀. Ìròyìn òkú kì í pẹ́ kó tó dé etí ènìyàn mọ́. Orí fóònù ni ìyá ti ń rí àwòrán ọmọ rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó jókòó tì í. N kò sọ pé ìgbà tiwa sàn jù. Ọdún tí a fi ọ̀rọ̀ pamọ́ fún Yèyé yẹn, a jẹ ẹ́ ní gbèsè. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ náà yóò fi jáde, ẹni tó sọ ọ́ wà lórí ìkúnlẹ̀, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú.

Àwọn ọmọ mi náà ní ọkọ̀, tó tutù nínú bí ìdí àmù. Wọ́n a máa wá láti Abùjá, wọ́n a ní, “Màmá, ẹ wọlé ká máa lọ, ọ̀nà jìn.” Mo ti ń dàgbà, wọn kò fẹ́ kí n dá gbé. Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ni, n kì í sì í bá wọn jà. Mo kàn máa ń ní kí wọ́n wọlé jókòó ná, kí wọ́n jẹun, kí wọ́n bi mí léèrè ohun tí mò ń dúró dè.